Orúkọ Ayẹ̀nàpàdé àti Ọkọ́ Yín

Bàbá mi, ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ mi bí a ti ń di ọkọ́ mú,

Mo kí yín láti inú yàrá kan ní Ṣógúnlé, níbi tí èmi àti Ìyá mi ń gbé báyìí. Ọdún kẹrin rèé tí ẹ ti fi wá sílẹ̀, n kò sì kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí yín rí. Bí mo bá sọ pé àyè ni kò sí, irọ́ ni. Ojú ni ó ń tì mí. Nígbà tí ẹ wà láyé, bí mo bá ṣẹ̀ yín, ẹ kì í nà mí. Ẹ ó kàn ṣí fìlà yín, ẹ ó fi kọ́ orúnkún, ẹ ó sì máa wò mí títí èmi fúnra mi yóò fi jẹ́wọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rí fìlà náà lórí orúnkún yín. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ lónìí.

Kí n kọ́kọ́ sọ ìròyìn tí ó dára, nítorí pé kò pọ̀. Mo ti gba oyè ní yunifásítì. Ìmọ̀ ìtàn ni mo kà, gẹ́gẹ́ bí mo ti sọ fún yín pé n ó kà á. Ní ọjọ́ tí wọ́n fi aṣọ dúdú gígùn wọ̀ wá, Ìyá mi mú fìlà yín dání láti òwúrọ̀ títí ètò fi parí.

Ìròyìn kejì ni pé Arárọ̀mí kò sí mọ́. Mo mọ̀ pé ẹ ó ní kí n tún un sọ. Arárọ̀mí kò sí mọ́, Bàbá. Ilé tí a sin yín sí nínú pálọ̀ rẹ̀, ní apá ọ̀tún bí a bá wọlé, kò sí mọ́. Ilé ìkẹ́rùsí ti ilé iṣẹ́ kan ni ó wà níbẹ̀, kọnkéré tí ó nípọn ni wọ́n sì fi ṣe ilẹ̀ rẹ̀. Bí mo bá fẹ́ kí yín, n kò mọ ibi tí n ó dúró. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ̀wé.

Ìròyìn kẹta ni pé ọwọ́ mi wà nínú rẹ̀.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ ọ̀nà? Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún, lẹ́yìn tí òjò bá ti dá, tí ọyẹ́ kò sì tíì wọlé. Ní ìrọ̀lẹ́ tí ó ṣáájú rẹ̀, ẹ ó ti ri ọkọ́ sínú ìkòkò omi ẹ̀yìnkùlé, kí ẹrúkọ́ lè mu omi, kí ó wú, kí irin má baà yọ lójú iṣẹ́. Ìyá mi á bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn.

“Bàbá Akọ̀wé, ìkòkò tí mo fi ń pọn omi mímu nìyẹn. Ṣé ọkọ́ fẹ́ wẹ̀ ni?”

“Má da á láàmú. Ó ń mu omi ìrìn-àjò.”

Akọ̀wé ni ẹ ń pè mí láti ìgbà tí mo ti wà ní kíláàsì kejì, kí n tó mọ ìwé kọ dáadáa. Nítorí pé ẹ kò bí ọkùnrin, èmi ni ẹ máa ń mú lọ sí ọjọ́ ọ̀nà, àwọn kan a máa fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ kì í dá wọn lóhùn. Arárọ̀mí á máa ro ọ̀nà bọ̀ láti ọ̀dọ̀ tiwa, Ìdí-Odán á máa ro bọ̀ láti ọ̀dọ̀ tiwọn, Olórombó àti Etí-Odò náà á máa ṣe bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà tiwọn. A kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. A ó kàn máa ro títí a ó fi gbọ́ ìró ọkọ́ àwọn tí ń bọ̀, ìró náà á máa sún mọ́ wa nínú igbó, títí irin yóò fi kan irin. Inú mi a máa dùn sí ìró yẹn ju ohunkóhun lọ láyé. Lẹ́yìn náà ni ìlú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò pé jọ sábẹ́ igi òro tí ó wà láàárín ọ̀nà, a ó jẹun, a ó sì pààrọ̀ ọkọ́. Olúkúlùkù yóò mú ọkọ́ ọ̀nà ará ìlú mìíràn lọ sílé, yóò sì tọ́jú rẹ̀ di ọdún tí ń bọ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba ọkọ́ tirẹ̀ padà. Bí wọ́n bá dá ọkọ́ ẹni padà fún ẹni, àjọṣe ti parí nìyẹn, olúwa rẹ̀ kò sí nínú Ayẹ̀nàpàdé mọ́.

Abẹ́ igi òro yẹn ni ẹ ti sọ ìtàn orúkọ náà fún mi. Mo wà ní ilé ìwé girama nígbà náà. Ẹ jókòó lé gbòǹgbò, ẹ ń fi èékánná yọ ẹrẹ̀ kúrò lára irin ọkọ́, ẹ sì ń sọ ọ́ bí ẹni pé ohun kékeré ni. Ẹ ní ní ayé ogun, ìlú mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀, wọn kì í ṣe ọmọ bàbá kan, òrìṣà wọn kò papọ̀, èdè wọn pàápàá yàtọ̀ díẹ̀díẹ̀. Olúkúlùkù ni ó ń ro ọ̀nà tirẹ̀ dé ààlà, tí ó ń fi ìyókù sílẹ̀ fún igbó. Ní ọjọ́ kan, àwọn ajínigbé gbé obìnrin kan tí ó ń pọn omi bọ̀. Ìlú kan ní ibi tí wọ́n ti gbé e kì í ṣe ilẹ̀ òun, ìlú kejì ní kì í ṣe ilẹ̀ tòun náà. Ibi tí wọ́n ti ń jiyàn ààlà ni àwọn ajínigbé ti gbé obìnrin náà lọ pátápátá. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti pa ààlà rẹ́. Wọ́n ní olúkúlùkù yóò máa yẹ ọ̀nà bọ̀ títí yóò fi pàdé ẹnìkejì rẹ̀, ibi tí wọ́n bá sì ti pàdé ni ó tó. Bí ìlú kan bá ń ṣọ̀fọ̀, bí ó bá ń ṣàìsàn, ìlú kejì yóò ro kọjá ibi tí ó máa ń dé. Wọ́n wá ń pe ara wọn ní Ayẹ̀nàpàdé, àwọn tí ń yẹ ọ̀nà láti pàdé ara wọn.

Ẹ ní ìgbà tí bàbá yín àgbà sá fún ogun wá láti òkè, tòun ti àwọn ènìyàn rẹ̀, kò bẹ ẹnikẹ́ni pé kí ó fún òun ní àyè. Ó kàn mú ọkọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọ̀nà láti ibi tí ó sùn sí, ó ro ó títí ó fi pàdé àwọn ará Ìdí-Odán lójú iṣẹ́. Wọ́n wò ó, wọ́n sì pààrọ̀ ọkọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Bí Arárọ̀mí ṣe di ìlú kẹrin nìyẹn. Àwọn ará Ìsọlọ̀ lè máa pè wá ní abúlé, ìlú ni ẹ máa ń pè wá.

Bàbá mi, ìtàn náà kéré lójú mi. Ẹ dárí jì mí. Àwọn ọba tí ó dé adé ìlẹ̀kẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ wa nílé ìwé, àti àwọn jagunjagun tí ó gun ẹṣin. Kí ni n ó wí fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, pé àwọn tí ń ro koríko ni ó tẹ ìlú wa dó? Mo gbọ́ ọ, n kò kọ ọ́ sílẹ̀. Gbogbo nǹkan mìíràn tí mo gbọ́ ní ọdún yẹn ni mo kọ sílẹ̀.

Ní ọdún tí ẹ kú, àwọn ará Ìdí-Odán ro ọ̀nà kọjá igi òro, kọjá odò, wọ́n ro ó dé ẹnu ọ̀nà wa. Nítorí ọ̀fọ̀, a kò gbé ọkọ́, a kò sì pààrọ̀. Ọkọ́ Bàálẹ̀ Ìdí-Odán tí ẹ gbà ní ọdún tí ó ṣáájú wà lára ògiri wa, tiyín sì wà ní ilé Bàálẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ akóyẹ̀pẹ̀ ti ń gba ojú ọ̀nà náà kọjá, ẹnikẹ́ni kò ro nǹkan kan.

Ẹ kò rí àkókò yìí tó, Bàbá. Owó epo ti dé. Sìmẹ́ńtì ń bọ̀ láti òkè òkun ju ibi tí wọ́n lè já a sí lọ, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣí ilé iṣẹ́ tuntun ní Ìsọlọ̀, àwọn awọnlẹ̀ tí ń kan èèkàn pupa sì ń kọjá lórí ebè ẹ̀gẹ́ wa láìkí ẹnikẹ́ni. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, a rí ìwé ìjọba lára ògiri ilé ìwé. Ìjọba fẹ́ gba ilẹ̀ náà. Ẹni tí ó bá ní ohun tí yóò sọ, kí ó kọ̀wé.

Wọ́n pe ìpàdé sí iwájú ilé Bàálẹ̀ Ìdí-Odán, wọ́n sì ránṣẹ́ sí mi ní yunifásítì. Àwọn àgbààgbà ìlú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jókòó, èmi nìkan ni wọ́n fún ní àga tí ó ní ẹ̀yìn. Bàálẹ̀ ni ó sọ̀rọ̀.

“Akọ̀wé, ìwọ ni ẹnu wa. Èdè tí ìjọba ń gbọ́ ni kí o fi bá wọn sọ̀rọ̀. Jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé a kì í ṣe ọmọ àná.”

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi kọ ìwé náà. Mo fẹ́ kí ìjọba wo àwọn ènìyàn wa tìyanu-tìyanu. Mo gbàgbọ́ pé bí a bá lè sọ pé ẹ̀jẹ̀ kan ni wá, kò sí ẹni tí yóò lè yà wá. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ́ pé ọmọ ọba kan tí ó jẹ́ ọdẹ ni Ayẹ̀nàpàdé, pé láti Ilé-Ifẹ̀ ni ó ti wá, pé ọmọkùnrin mẹ́rin ni ó bí, àti pé àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n tẹ ìlú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dó. Mo fi ìlà kan nínú oríkì Ìdí-Odán gbè é lẹ́sẹ̀. Ìyókù, inú ara mi ni mo ti mú un jáde. Nígbà tí mo kà á fún wọn, tí mo sì túmọ̀ rẹ̀, àwọn àgbààgbà pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò pàtẹ́wọ́, Ìyá Múfú, aládùúgbò wa, tí ẹ máa ń sọ pé ẹnu rẹ̀ mú ju àdá lọ.

“Akọ̀wé, bàbá tí o ní ó bí gbogbo wa yìí, kí lorúkọ ìyàwó ẹ̀?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàálẹ̀ ní, “Ìyá Múfú, ìjọba ò béèrè ìyàwó.”

“Ẹ̀n-ẹ́n. Bí ò bá níyàwó, ta ló wá bá a bí wa? Èmi ò gbọ́ orúkọ bàbá yìí rí o. Ohun tí mo gbọ́ ni ọkọ́.”

Èmi náà rẹ́rìn-ín, Bàbá. Mo rẹ́rìn-ín sí i níwájú gbogbo ènìyàn. Ṣé ẹ gbọ́ ọ níbi tí ẹ wà? Ohun tí ẹ sọ fún mi lábẹ́ igi òro gan-an ni ó ń sọ, mo sì ń fi gègé mi bo ẹnu rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n pè wá sí ọ́fíìsì, ọ̀gá tí ó gbà wá kí wa dáadáa. Ìwé mi wà lórí tábìlì rẹ̀, fáànù ń fẹ́ etí ìwé náà sókè sódò.

“Ìwé yín dára púpọ̀. Ìlú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọmọ bàbá kan ṣoṣo. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.” Ohùn gbogbo wa ṣọ̀kan. Orí mi wú.

“Ẹbí kan nìyẹn. Ó ti mú kí iṣẹ́ wa rọrùn. Ta ni olórí ẹbí?”

Gbogbo ojú yí sí Bàálẹ̀ Ìdí-Odán, nítorí pé òun ni ó dàgbà jù. Ó gbọ́wọ́ sókè díẹ̀díẹ̀, bí ọmọ ilé ìwé. Kò sí ẹni tí ó rí ohun tí ó burú nínú rẹ̀, àní èmi tí mo mọ̀wé pàápàá.

Ilẹ̀ ẹbí kan, olórí ẹbí kan, ìfọwọ́sí kan. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, wọ́n pe Bàálẹ̀ nìkan. Nígbà tí ó padà dé, ó ti tẹ àtàǹpàkò sórí ìwé. Wọn yóò fi ibì kan sílẹ̀ fún ẹbí náà, ibẹ̀ sì ni Ìdí-Odán. Arárọ̀mí, Olórombó àti Etí-Odò ti di ti ìjọba.

Mo sáré lọ sí ọ́fíìsì náà lọ́jọ́ kejì. N kò lè jókòó.

“A kì í ṣe ẹbí kan, sà. Ìlú mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wá. Bàálẹ̀ Ìdí-Odán kò lè fọwọ́ sí i fún wa.”

Ọ̀gá náà kò bínú. Ó ṣí fáìlì, ó yọ ìwé mi jáde, ó yí i kọjú sí mi.

“Ta ló kọ èyí?”

“Èmi ni, sà.”

“Ṣé nígbà yẹn lo purọ́ fún ìjọba, àbí ìsinsìnyí lò ń pa á?”

Mo wo ìwé náà. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi tí ẹ máa ń yìn, tí ẹ máa ń mú han àwọn àlejò, ni mo ń wò. Ó dọ́gba, ó mọ́ tónítóní, kò ní àṣìkọ kan.

Katapílà dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, Ìyá mi gbá ilé. Mo ní kí ó jẹ́ kí a máa kó ẹrù. Ó gbá pálọ̀ dé gbogbo igun, ó wá wọ́n omi sí apá ọ̀tún, kí eruku má baà sọ lójú yín. Lẹ́yìn náà ni ó gbé ìgbálẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ní ibi tí ó máa ń gbé e sí, ó sì jáde. Ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi mú kúrò nínú ilé náà ni àwọn ìwé mi àti ọkọ́ Bàálẹ̀ tí ó wà lára ògiri.

A túká. Àwọn kan wà ní Mushin, àwọn kan padà sí òkè tí wọn kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́. Ìyá Múfú gba yàrá kan ní Òṣòdì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin rélùwéè. Nígbà tí òjò ọdún yìí dá, àwọn àgbààgbà Arárọ̀mí tí ó kù pé jọ sí yàrá náà, wọ́n sì pè mí. Bí rélùwéè bá ń kọjá, a ó dákẹ́, ife ó máa gbọ̀n lórí tábìlì, a ó tún bẹ̀rẹ̀.

“Akọ̀wé,” Ìyá Múfú ní, “ọjọ́ ọ̀nà ń bọ̀. Ọkọ́ Bàálẹ̀ ń bẹ lọ́wọ́ ẹ. Gbé e lọ fún un. Kí o sì gba ti bàbá ẹ bọ̀. Jẹ́ kí orúkọ yẹn kú, kí gbogbo wa sinmi.”

“Ìyá, ṣé èmi ni ó yẹ kí n gbé e lọ?”

“Ta ló tún yẹ? Ìwọ lo mọ̀wé.”

Kò pariwo. Ì bá sàn kí ó pariwo.

N ó sọ òtítọ́ fún yín. Inú mi dùn sí iṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Ibojì yín ti bọ́ lọ́wọ́ mi, ilé yín ti bọ́, igi òro pàápàá ni wọ́n ti hú. Kò sí ohun kan láyé yìí tí ọwọ́ yín fi àmì sí mọ́ bí kò ṣe ẹrúkọ́ yẹn, tí àtàǹpàkò yín ti gbẹ́ ihò kékeré sí lára láti ọdún pípẹ́. Mo fẹ́ ẹ. Mo sọ fún ara mi pé bí orúkọ náà yóò bá kú, ó kéré tán, n ó rí yín dì mú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ó kọjá ni ọjọ́ ọ̀nà. Mo fi aṣọ wé ọkọ́ Bàálẹ̀, mo sì fi ẹsẹ̀ rìn láti Ṣógúnlé. Ẹ̀yìn ilé ìkẹ́rùsí ni mo gbà. Mo dúró ní ibi tí mo rò pé ẹnu ọ̀nà wa wà, bóyá mo ṣì í. Koríko ti ga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri náà, láàárín ògiri àti gọ́tà, ó sì nà lọ bẹ́ẹ̀ sí apá Ìdí-Odán. N kò gbèrò rẹ̀, Bàbá. Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni pé kí n dá ọkọ́ padà. Ṣùgbọ́n mo tú aṣọ náà, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo sì ro ó lẹ́ẹ̀kan, mo tún ro ó lẹ́ẹ̀kejì.

Àwọn òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ àárọ̀ wọn parí ń jáde láti ẹnu géètì.

“Àǹtí, ṣé káńsù ló gbà yín síṣẹ́ ni? Ẹ bá wa ro dé ìdí ibùsùn wa náà o!”

“Fi wọ́n sílẹ̀ jàre. Wo bàtà ẹsẹ̀ wọn, ìyàwó ọ̀gá ni.”

“Ìyàwó ọ̀gá wo ló ń ro koríko? Ọ̀gá ti lé e jáde nìyẹn.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín lọ. Mo ń ro. Ọwọ́ mi bó, n kò dúró. Mo ń dẹtí sílẹ̀ fún ìró ọkọ́ láti apá kejì, gẹ́gẹ́ bí mo ti máa ń ṣe nígbà tí mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ìró ẹ̀rọ nìkan ni mo ń gbọ́. Mo ro kọjá ibi tí igi òro wà, kò sí ẹni tí ó pàdé mi. Mo ro ó títí mo fi rí iwájú ilé Bàálẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ilé alámọ̀ kan ṣoṣo láàárín àwọn ògiri gíga.

Ó jókòó sórí àga níwájú ilé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì ti wú, kò lè dìde mọ́. Ọkọ́ yín wà lórí itan rẹ̀. Ó ti gbọ́ ìró mi kí ó tó rí mi. Nígbà tí ó ku bí ìgbésẹ̀ méjì, ó gbé ọkọ́ yín sókè pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì fi lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, níwájú ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Mo na ọkọ́ ọwọ́ mi sí i, irin kan irin.

“Ọmọ Arárọ̀mí. Ìwọ nìkan?”

“Èmi nìkan, Bàbá.”

“Wọ́n ní kí o dá ọkọ́ mi padà.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

“Wọ́n jàre.” Ó gbé ọkọ́ yín padà lé itan. “Ìjọba ní bí n kò bá tẹ̀ ẹ́, gbogbo ẹ̀ ló ń lọ. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, wọn á fi ẹyọ kan sílẹ̀. Mo ní èwo? Wọ́n ní kí n mú èyí tó bá wù mí. Ìwọ, Akọ̀wé, èwo lò bá mú?”

Mo ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ó wú.

“Àtàǹpàkò mi ni mo fi tẹ̀ ẹ́. Gègé rẹ lo fi kọ ọ́. Nínú àwa méjèèjì, ta ni kí wọ́n dá ọkọ́ padà fún?”

Ó na ọkọ́ yín sí mi. Mo gbà á. Ẹrúkọ́ náà tutù, Bàbá. Ó ti rì í sínú omi ní ìrọ̀lẹ́ àná rẹ̀. Ó ní ọdọọdún ni òun ń rì í láti ìgbà tí ẹ ti kú, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tí yóò ro ọ̀nà. Àtàǹpàkò mi wọ inú ihò tí tiyín gbẹ́, ó sì bá a mu. Mo di í mú ṣinṣin. Kí ni ẹ bá ṣe bí ẹ bá wà níbẹ̀? Ṣé ẹ ó bínú sí i? Ṣé èmi ni ẹ ó bínú sí?

Mo gbé e padà lé e ní itan.

“Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀, Bàbá. Bí ọjọ́ ọ̀nà bá tún pé, n ó wá pàdé yín.”

“Bí n kò bá sí ńkọ́?”

“N ó ro ó wọ inú ilé.”

Ó mi orí pé òun gbọ́. Bóyá mo ti dárí jì í, bóyá òun ti dárí jì mí, n kò lè sọ fún yín. Kò jọ ìdáríjì.

Ọ̀dọ̀ Ìyá Múfú ni mo gbà lọ, ọkọ́ Bàálẹ̀ ṣì wà ní èjìká mi. Ó rí i, ó sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé n kò jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Mo kúnlẹ̀. Mo sọ fún un pé òun ni ó sọ òtítọ́ lọ́jọ́ tí mo ka ìwé yẹn, pé mo sì rẹ́rìn-ín. Rélùwéè kan kọjá. Ó dúró dè é kí ó kọjá tán.

“Ibo lo ro dé?”

“Ẹnu ọ̀nà Bàálẹ̀, Ìyá.”

“Láti ibo?”

“Láti ilé wa.”

Ó wo ọwọ́ mi tí ó bó. “Ó jìnnà,” ó ní, ó sì wọlé lọ. N kò tíì mọ ohun tí yóò sọ fún àwọn yòókù. Bóyá wọn yóò rán ẹlòmíràn. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ sí i.

Ní báyìí, mo ti kọ ìtàn orúkọ náà sílẹ̀ bí ẹ ti sọ ọ́, pẹ̀lú obìnrin tí ń pọn omi, láìsí ọmọ ọba kankan nínú rẹ̀. N kò ní ọ́fíìsì kankan tí mo fẹ́ mú un lọ. Inú ìwé yìí ni mo kọ ọ́ sí, ẹ̀yin sì ni mo kọ ọ́ sí, nítorí pé ọ̀dọ̀ yín ni mo ti gbà á, tí mo sì fi í ṣòfò.

Ọkọ́ Bàálẹ̀ wà lára ògiri wa ní Ṣógúnlé, ó ga ju ibùsùn lọ díẹ̀. Ìyá mi ti ra ìkòkò omi tuntun. Lánàá ni mo gbọ́ tí ó ń bi ara rẹ̀ bóyá ẹnu ìkòkò náà yóò gba irin ọkọ́.

Èmi ni, ọmọ yín tí ẹ sọ ní Akọ̀wé kí ó tó mọ ìwé kọ, tí ó ṣì ń ro ọ̀nà bọ̀ lọ́dọ̀ yín.